Ìjókòó Iwájú

Ẹni tó bá ti wọ takisí láti Àràdàgún dé Ìyànà-Ìbà rí yóò mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń dá jókòó síwájú. Èèyàn méjì ni wọ́n ń kì mọ́ ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ń tò sẹ́yìn, ẹni tó bá sanra nínú wọn á máa bẹ ẹni tí kò sanra. Ọ̀nà yìí ni mò ń gbà lọ sí yunifásítì láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, ojú mi sì ti rí nǹkan nínú ìjókòó iwájú yẹn. Mo ti fi itan kan ṣoṣo jókòó. Jíà ti gún mi lórúnkún títí ó fi dá àpá sí i. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, nígbà tí dẹ́rẹ́bà ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi, tó ní kí n dá jókòó, tó tún lé ọkùnrin kan tó fẹ́ wọlé tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn, ó yẹ kí n ti fura. Mi ò fura. Ohun tí mo rò ni pé dẹ́rẹ́bà náà fẹ́ kọnu ìfẹ́ sí mi, mo sì ti ń to èsì tí màá fún un sẹ́nu.

Ajido ni ilé wa. Ará Ògùn ni bàbá mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Ó fẹ́ràn ìlú náà, ó ra ilẹ̀ sítòsí ọ̀sà, ó kọ́lé, kò sì padà sílé mọ́. Gbogbo ìlú ń pè é ní Tíṣà. Apẹja àti àwọn tó ń yan ẹja ló yí wa ká, èdè Ègùn ni wọ́n sì ń sọ. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni èmi dàgbà sí, mo ti ń lọ sí girama kí n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n fi Ègùn kí ìyá ẹlẹ́ja tó múlé tì wá. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ṣùgbọ́n orí mi tètè máa ń gbóná, mo sì búra pé ọ̀rọ̀ Ègùn kò tún ní jáde lẹ́nu mi mọ́. Kò sì jáde.

Àmọ́ ẹnu ni mo fi búra, mi ò fi etí búra. Mò ń jókòó ti àwọn obìnrin náà nídìí ààrò, wọ́n ń sọ̀rọ̀, etí mi ń gbà á díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di pé kò sí ohun tí wọ́n lè sọ tí mi ò ní gbọ́. Wọn ò mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ àṣírí, tí Yorùbá kan bá wà níjókòó, wọn á kàn ṣí i sí Ègùn bí ẹni ti ilẹ̀kùn, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Báyìí ni mo ṣe mọ ọkọ tó ń sùn níta, mo mọ ẹni tó ń kó ẹja àná mọ́ ẹja òní, mo tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọbẹ̀ tí ìyá mi ń sè.

Bàbá mi nìkan ló mọ̀ pé mò ń gbọ́. Òun fúnra rẹ̀, gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀, ìkíni nìkan ló lè sọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tó bá ti kí ìrun tán, á pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Kí ni wọ́n rí sọ lónìí?" Èmi náà á gbẹ́nu sí i létí, màá ròyìn. Á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbà á. Ìyá mi á ní kí ni àwa méjèèjì ń ṣe, a ò ní dáhùn. "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o," ó máa ń sọ fún mi. "Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wúlò fún ọ."

Ìdánwò tó gbé mi jáde lọ́jọ́ náà ni sitatísíìkì, ìṣirò burúkú kan tó ti gbé mi ṣubú ṣáájú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti parí, wọ́n ti lọ sìnlú, èmi ṣì wà níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi ní ẹ̀ka wa pé bí ó bá tún gbé mi ṣubú lọ́tẹ̀ yìí, kí n gbàgbé ìwé ẹ̀rí, kí n máa lọ sílé. Ẹ wò ó ná, ọmọ tíṣà ìṣirò! Ìtìjú náà pọ̀ débi pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa, àfi àwọn òbí mi. Bàbá mi kò bínú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá a dùbúlẹ̀ láti ìgbà òjò, apá rẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń wúwo lẹ́nu, síbẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kọ́ mi.

Agbọ̀n ẹja ló fi kọ́ mi. Ó ní kí ìyá ẹlẹ́ja gbé agbọ̀n kan wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí n wò ó, kí n sọ bí ẹja inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Mo wò ó, mo ní wọ́n tóbi dáadáa. Ìyá ẹlẹ́ja bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní kí n ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àwọn wẹ́wẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Ó ní, "Ohun tó wà nínú ìwé rẹ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ mọ agbọ̀n kì í wo òkè nìkan. Mú díẹ̀ lókè, mú díẹ̀ láàárín, mú díẹ̀ nísàlẹ̀, kí o tó lanu." Ohun tí olùkọ́ fi odidi ọdún ṣàlàyé tí kò yé mi, ó yé mi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú òórùn ẹja lọ́wọ́.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìyá mi ti wà nídìí iná. Ó ti dín ẹyin, ó ti se iṣu, ó ti bu omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ohun tí kò ṣe fún mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní kí n lọ kí bàbá mi. Tí mo bá ń lọ ṣe ìdánwò, màá kúnlẹ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé mi lórí, á ṣe àdúà. Ìyá mi sáré wá síwájú ilẹ̀kùn yàrá náà, ó ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Kò sùn mọ́jú. Má jí i."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, mò ń lọ o."

Ìyá mi ló dáhùn. "Ó ní kí o máa lọ. Ó ní kí o wo ìsàlẹ̀ agbọ̀n."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi fóònù mi sílẹ̀. Ó ní wọn kì í gbé fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kí wọ́n má baà fẹ̀sùn kàn mí. Mo ní inú báàgì ló máa wà. Ó ní rárá. Mo ní kí ló dé, ṣé èmi ni mo ní fóònù ni àbí òun? Àfi bí ìyá mi ṣe tẹríba, tó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá mi! Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, mo ju fóònù náà sórí tábìlì, mo jáde láìdágbére. Níta, ìyá ẹlẹ́ja dúró síwájú ààrò rẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Kò sí èéfín. Mi ò rí i kí ilẹ̀ mọ́ kí ààrò yẹn má rú èéfín rí, àfi ọjọ́ Sunday. Mo bi í léèrè, ó ní igi tutù. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ Ègùn sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, lọ, lọ gidi. Máwu á bá ẹ lọ." Ọlọ́run ni àwọn Ègùn ń pè ní Máwu. Ọlọ́kadà tó gbé mi dé Àràdàgún, ẹni tí èmi àti ẹ̀ máa ń jà lórí eré àsápajúdé, rọra ń wa ọ̀kadà bí ẹni gbé ẹyin. Mo pariwo mọ́ ọn pé màá pẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí." Kò bá mi jà.

Bí mo ṣe wá jókòó nìkan síwájú takisí nìyẹn, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Dẹ́rẹ́bà yìí mọ̀ mí, ó ti gbé mi lọ gbé mi bọ̀ láìmọye ìgbà, ó sì mọ̀ pé ọmọ Tíṣà ni mí. Àgbàlagbà ni, ọmọ Ègùn, tí kì í pa rédíò. Lọ́jọ́ yẹn ó pa rédíò. Ó yí gíláàsì sókè díẹ̀ fún mi kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ìwé mi. Lẹ́yìn wa ni ọkùnrin tó lé sẹ́yìn jókòó sí pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti di nǹkan sétí, àti àwọn obìnrin méjì tó gbé agbọ̀n ẹja yíyan sórí itan. Òórùn ẹja wọn gba inú ọkọ̀. Mo ṣí ìwé mi, mò ń kà.

A ti kọjá Mọ́wó kí àwọn obìnrin náà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Yorùbá ni wọ́n fi bú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó dá wa dúró lọ́nà, Yorùbá ni wọ́n fi ráhùn nípa kòtò. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ èkejì, mo sì gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn: Ègùn ló fi ń sọ ọ́. Etí mi dìde fúnra rẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé màá rí nǹkan ròyìn fún bàbá mi nírọ̀lẹ́.

"Ìyá tí mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ajido kò dáná lónìí," ó ní. "Èyí tó yan lánàá ló tà fún mi. Ó ní Tíṣà kú."

"Tíṣà wo?"

"Tíṣà Yorùbá tó múlé tì í. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni."

Mo ka ìlà kan nínú ìwé mi, mo tún un kà. Mo sọ fún ara mi pé tíṣà pọ̀ l'Ajido. Mo ní Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà kò dákẹ́.

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìdánwò lónìí. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ kó tó lọ. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbọ́ títí yóò fi gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun mọ ọmọ òun, tó bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, yóò yí padà. Gbogbo ìlú ni wọ́n ti bẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sunkún."

"Yéè! Ṣé wọ́n á wá dúró de ọmọ kí wọ́n tó sin ín?"

"Mùsùlùmí ni wọ́n. Àáfà ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìyàwó ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dúró di Alásàrí."

Dẹ́rẹ́bà gbá sítíárìn. Ègùn lòun náà fi sọ̀rọ̀, kò gbójú kúrò lójú títì. Ó ní, "Ẹ panu mọ́! Ọmọ rẹ̀ ló jókòó síwájú yìí. Ẹ dúpẹ́ pé kò gbọ́ Ègùn."

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò sunkún. Mi ò lè sunkún. Ojú mi wà lórí ìwé, mò ń rí lẹ́tà, mi ò rí ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí èémí mi ń wọlé tó ń jáde, ó dà bíi pé èèyàn mìíràn ló ń mí nítòsí mi. Bàbá mi ti kú. Ó ti kú kí n tó jẹ ẹyin. Ó ti kú nígbà tí mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tí mò ń kí i. Òkú ni mo dágbére fún, ìyá mi sì dúró láàárín wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bá òkú fèsì.

Gbogbo rẹ̀ wá ń já lu ara wọn lórí mi. Fóònù. Ààrò tí kò rú èéfín. Ọlọ́kadà tó ń rọra. Ìjókòó iwájú. Gbogbo ayé ló mọ̀, àwọn tí mi ò rí rí pàápàá mọ̀, èmi nìkan ni wọ́n gbé bí ẹyin láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìbínú gbà mí. Mo bínú sí dẹ́rẹ́bà, mo bínú sí ìyá mi tó lè rẹ́rìn-ín. Ta ló fún wọn láṣẹ pé kí n máa lọ ṣe ìṣirò nígbà tí bàbá mi nà sílẹ̀ nílé?

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi pẹ̀lú ègé àgbọn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni, Yorùbá ló sì fi bá mi sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àgbọn jẹ. Ẹ máa lọ dáadáa o." Mo gbà á. Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá, nítorí pé bí ẹnu mi kò bá ṣiṣẹ́, igbe ni yóò jáde níbẹ̀. Mi ò mọ adùn rẹ̀.

Mo wá ń ṣírò, èmi tí mi ò mọ ìṣirò. Tí mo bá sọ̀ ní Àgbárá, tí mo wọ ọkọ̀ padà, mo máa bá a nílé. Màá rí ojú rẹ̀. Tí mo bá lọ kọ ìdánwò, ìrun ọ̀sán á ti kọjá kí n tó jáde ní gbọ̀ngàn, kí n sì tó dé Ajido, bí ọ̀nà bá dí, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ni màá bá. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú bàbá mi hàn mí lẹ́yìn ìyẹn. Ìdánwò, bí mi ò bá kọ ọ́, ó ti tán nìyẹn, àmọ́ ìwé ni. Bàbá mi kì í ṣe ìwé.

Bí a ṣe dé Àgbárá, mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Mo fẹ́ sọ̀."

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Kí ló dé? A ò tíì dé o."

"Mo gbàgbé nǹkan sílé."

"Kí lẹ gbàgbé?"

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tó ń fi Ègùn gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé kí Máwu má jẹ́ kí n padà, kí ọ̀rọ̀ bàbá náà má baà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ṣáájú wá padà sí mi létí: bàbá mi ní òun mọ ọmọ òun, tó bá gbọ́, yóò yí padà.

Èmi nìyí, ìwà mi nìyí: mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ohun tí mo máa ṣe kí n tó ṣe é. Láti kékeré ni. Inú bí mi sí bàbá mi, inú bí mi sí i gidigidi níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ti kú, ó ṣì mọ̀ mí bí ẹni mọ owó. Mo jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn.

"Mo ti rántí," mo ní. "Inú báàgì mi ló wà. Ẹ máa lọ."

Kì í ṣe ìgboyà, ẹ má yìn mí. Agídí ni.

Ìyànà-Ìbà ni takisí máa ń já wa sí, a ó wá wá ọkọ̀ mìíràn wọ inú ọgbà. Lọ́jọ́ náà, dẹ́rẹ́bà já àwọn yòókù sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì gbé mi lọ tààrà dé ẹnu géètì. Kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun máa dúró dè mí, òun ní nǹkan tí òun fẹ́ ṣe nítòsí. Irọ́ ni, mo sì jẹ́ kó pa á.

Mi ò rántí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbọ̀ngàn. Wọ́n pín ìwé, mo wò ó, kò sí ohun kan tó yé mi. Orúkọ mi gan-an, mo ṣì í kọ lẹ́ẹ̀kan kí n tó kọ ọ́ dáadáa. Mo wá rí ìbéèrè kan tó ní kí a sọ bí èèyàn ṣe lè mọ bí ọjà ṣe rí nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá láìṣe pé ó tú gbogbo rẹ̀. Mo wò ó títí. Òórùn ẹja ṣì wà lára aṣọ mi. Mú díẹ̀ lókè, mú díẹ̀ láàárín, mú díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi sórí ìwé, mò ń fi apá nù ún, mò ń kọ. Olùkọ́ tó ń ṣọ́ wa wá dúró tì mí, ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo ní ara mi yá. Èyí tí mo mọ̀ ni mo kọ, èyí tí mi ò mọ̀ ni mo bá jà. Nígbà tó tó àkókò, mo gbé bírò sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá mi kú fún mi.

Dẹ́rẹ́bà wà níbi tí mo fi í sí, ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀. Ó hàn pé kò lọ síbì kankan. Kò bi mí bóyá ìdánwò náà le. Ó ní, "Ẹ ti gbé bírò sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi. Kò gbé èrò kankan. Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú ọkọ̀, ó sì ń sáré.

Nígbà tí a kọjá Àgbárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Ó ní ayé yìí, ọjà ni. Ó ní bàbá mi, ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le láàárọ̀. Ó ní àgbà tó bá ti ń ṣàárẹ̀, a máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣe èyí tó dára jù. Ó ń là á fún mi bí wọ́n ṣe máa ń là á, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà já lù mí. Òógùn bò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo la ẹnu mi tí mo ti fi ìbínú tì láti ìgbà girama, mo sì fi Ègùn sọ fún un: "Otọ́ ṣié kú." Bàbá mi kú.

Ọkọ̀ náà yà bàrá kó tó gbá a mú. Ó wò mí, ó wo títì, ó tún wò mí, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ Ègùn?"

"Mo gbọ́."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀."

Ó gbé ọwọ́ kan lérí. "Ẹ jókòó tì mí... ẹ jẹ àgbọn..." Kò lè parí rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin náà bú sẹ́kún, kò sì dín eré kù.

Èrò kún iwájú ilé wa, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, kò sì sí ariwo kankan. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Mo ti rí ilé òkú rí, mi ò rí èyí tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀ pupa wà lókìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbọn, kòtò sì ṣí sílẹ̀. Wọn ò tíì sin ín. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá mi jókòó dí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde kí ọmọ tó dé, kó kọ́kọ́ gbé òun.

Ìyá mi dìde nígbà tó rí mi. Ó wò mí lójú. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́, kò dì mọ́ mi.

"Ṣé o kọ ọ́ tán?"

"Mo kọ ọ́ tán, ìyá mi."

Ìgbà náà ló tó ké. Ó ké igbe tó ti há a lọ́fun láti ìdájí, ìyá ẹlẹ́ja gbà á, gbogbo àwọn obìnrin sì gbà á, títí tó fi dé orí omi. Wọ́n ti ń dúró dè mí, kí wọ́n lè rí àyè sunkún.

Wọ́n yà fún mi. Ó wà lórí ẹní nínú aṣọ funfun, wọ́n ti ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú aṣọ, kò sí èyí tí mo lè gbé lé orí mi. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbẹ́nu sí i létí bí mo ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, mo sì ròyìn ohun tí wọ́n rí sọ.

"Bàbá," mo ní, "àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ní ẹ ti kú."